Ewúrẹ́ Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ilé

Mo fi ẹfun fa ilà sórí sìmẹ́ńtì,
mo ní, "Odò nìyí."
Mo dojú àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán délẹ̀,
mo ní, "Òkè nìyẹn."
Mo so okùn àpò ìrẹsì mọ́ ìdí ara mi:
ìrù nù-un. Mo di ewúrẹ́.

Ọmọ méjìlá, eruku ọ̀nà oko lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn.
Mẹ́jọ nínú wọn, Ebira ni wọ́n ń sọ bọ̀ láti ahéré,
àwọn tí bàbá wọn ń kọ ebè fún olóko lẹ́yìn Òmùò.
Ìwé tí ìjọba kó fún wa ní kí n máa pè é, kí wọ́n máa gbè é:
"Èyí ni ilé. Èyí ni ajá."
A pè é títí. Ó ń dún bí òjò lórí páànù,
kò sì wọlé.

Ni mo bá pa ìwé dé.
"Ewúrẹ́ kan ló sọnù. Ibo ni kó gbà?
Ṣé kó gun òkè ni, àbí kó sọdá odò?"
Kẹ́kẹ́ pa.
Enesi nìkan ló nawọ́ sí àga:
"Kó gùn."
Mo gun àga. Àga yẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì,
ìró mi ya dé orókún. Gbogbo kíláàsì fò sókè:
"Ó ṣubú! Ewúrẹ́ ṣubú!"
Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn tí kò yé wọn,
ìdí mi kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ìsinmi fún mi.
Lójoojúmọ́ ni ewúrẹ́ ń sọnù,
lójoojúmọ́ ni wọ́n ń darí rẹ̀ gba ibi tí n ò rò:
ó wọ oko kaṣú, ó jẹ ṣòkòtò ọ̀gá àgbà,
ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé, kò sanwó.
Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, àfi kó fẹnu sọ ọ́.
Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀, a yá ti ẹnìkejì lò.

Ohunene nìkan ni kò sọ nǹkan kan.
Ó ń jókòó síbi ògiri, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ó ń gbọ́.
Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa sán,
mo ní òùngbẹ ń gbẹ ewúrẹ́, kí ni ká fún un?
Mo wá dúró. Mo jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ.
"Enyi," ni ohùn kékeré kan wí níbi ògiri.
Kò yé mi. Enesi ló sọ fún mi pé omi ni.
Ẹlòmíì ì bá ní, "Rárá, sọ ọ́ ní Yorùbá."
Èmi kúnlẹ̀ sórí ilà ẹfun, mo yọ ahọ́n,
mo ní, "Ewúrẹ́ mu enyi. Enyi Òmùò dùn."
Ohunene rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú:
bí mo ṣe pè é kò jọ ti ìyá rẹ̀ rárá.
Ó dìde, ó tún un ṣe fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kejì ó bu omi sínú agolo, ó gbé e síwájú mi:
"Mu omi, ewúrẹ́."

Nígbà tí sáà ń parí lọ, mo bi wọ́n:
"Níbo ni ewúrẹ́ wa yìí ń lọ gan-an?"
"Ulé!" ni Ohunene ké.
Mo ní, "Ilé." Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, bí ìwé ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe ń pè é.
Ó mi orí, bí ẹni tó ń ṣàánú mi:
"Ulé ni ìyá Ìbídàpọ̀ ń pè é. Ulé ni."

Mo tú okùn kúrò nídìí mi, mo so ó mọ́ ọn.
Àwọn yòókù to ara wọn di odò, di òkè, di igbó kaṣú,
ó sì ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láàrin wọn,
ó ń bi èmi tí mo wá jókòó síbi ògiri:
"Tíṣà, ibo ni kí n gbà?"